Clare: Ẹkùn Ìdìbò Tó Yí Òfin Padà, àti Àwọn Tó Jẹ Ìyà Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n bí síhìn-ín, tí ẹ gbọ́ Yorùbá débi pé ẹ wá jókòó tì wá lálẹ́ òní, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá yín sí.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ìdìbò ní Ireland, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi ṣe ilé. Ìtàn náà kò ṣeé kó tán lálẹ́ ọjọ́ kan, nítorí náà ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo ni mo mú: Clare, ní ìwọ̀ oòrùn, níbi tí odò Shannon ti ń ṣàn wọ òkun Àtìláńtíìkì. Ẹni tó bá ti wọ bàálù tó bà sí Shannon rí, ilẹ̀ Clare ló kọ́kọ́ tẹ̀. Ennis ni olú ìlú ibẹ̀. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ìbò ṣe níbẹ̀ mi London tìtì.

Ẹkùn yìí ló gbé Daniel O'Connell wọlé ní 1828, tó gbé Éamon de Valera wọlé ní 1917, tó sì gbé dókítà Mùsùlùmí kan tí wọ́n bí ní South Africa wọlé ní 1992. Gbogbo wọn la máa kàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó dìbò gan-an ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn jù lọ, àwọn àgbẹ̀ tí ìtàn kò kọ orúkọ wọn sí ojú ọ̀nà kankan. Ìgbà yẹn, ẹnu ni wọ́n fi ń dìbò, kì í ṣe ìka.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní 1828, Ireland kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀ mọ́. Òfin Ìṣọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní ọdún 1801 ti pa pálámẹ́ǹtì Dublin rẹ́, Clare sì ń rán aṣòfin méjì lọ sí Westminster, pálámẹ́ǹtì tó wà ní London. Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ló pọ̀ jù nílẹ̀ náà. Láti 1793 ni wọ́n ti ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, ṣùgbọ́n Àgùdà kankan kò lè jókòó ní pálámẹ́ǹtì. Òfin kò tilẹ̀ sọ pé Àgùdà kò gbọdọ̀ díje o. Ìbúra ni wọ́n fi dí ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé jókòó gbọ́dọ̀ búra pé póòpù kò ní àṣẹ kankan nílẹ̀ náà, kó sì sọ ọ́ ní gbangba pé ìbọ̀rìṣà ni Mísà. Àgùdà wo ló máa fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀?

O'Connell jẹ́ lọ́yà, ọmọ Kerry, ìpínlẹ̀ tó wà ní òdìkejì odò Shannon. Ní 1823, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn Àgùdà sílẹ̀, nígbà tó sì di 1824 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba pẹ́nì kan lóṣù lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́. Pẹ́nì kan péré. Àwa tí a mọ èésú, tí a mọ àjọ, a mọ ohun tí kọ́bọ̀kọ́bọ̀ ń dà bí ọwọ́ tó ń dá a bá pọ̀. Owó ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ju owó lọ ni pé ẹni tó bá ti san pẹ́nì kan ti di ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti di tirẹ̀.

Àyè wá ṣí sílẹ̀ ní Clare. Wellington, olórí ìjọba, fi William Vesey-FitzGerald, ọ̀kan nínú aṣòfin méjì ẹkùn náà, ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òwò. Òfin ìgbà náà ni pé aṣòfin tó bá di mínísítà gbọ́dọ̀ padà lọ gba ìbò lọ́wọ́ àwọn ará ẹkùn rẹ̀. Èèyàn tí wọ́n fẹ́ràn ni FitzGerald; òun fúnra rẹ̀ fara mọ́ ọn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn Àgùdà lè jókòó ní pálámẹ́ǹtì. Ẹgbẹ́ kọ́kọ́ wá Pùròtẹ́sítáǹtì kan tí yóò bá a du ipò náà, ẹni náà kọ̀. Ni O'Connell bá ní òun fúnra òun máa jáde. Bí wọ́n bá yàn án, tí London sì lé e padà lẹ́nu ọ̀nà, kí gbogbo ayé rí i.

Àwọn wo ló máa yàn án? Ibí ni kí ẹ ti fetí sí mi dáadáa. Nígbà náà, ẹni tó bá ní ilẹ̀ tí èrè rẹ̀ tó ṣílè 40 lọ́dún, tí ìwé ilẹ̀ náà sì wà fún ìgbà ayé ẹnì kan, lè dìbò. Àgbẹ̀ kéékèèké ni ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn onílẹ̀ ńláńlá ló mọ̀ọ́mọ̀ sọ wọ́n di púpọ̀, torí pé ìbò àgbẹ̀, ìbò onílẹ̀ ni. Bí ọjọ́ ìdìbò bá pé, aṣojú onílẹ̀ á kó wọn jọ, á tò wọ́n bí ọmọ iléèwé, ó di Ennis. Àgbẹ̀ á dúró níwájú akọ̀wé, á lanu pe orúkọ ẹni tó fẹ́, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Aṣojú onílẹ̀ wà níbẹ̀, etí rẹ̀ ń gbọ́.

Ẹ wá fi èyí kún un. Ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ pé kí onílẹ̀ jẹ́ kí owó ilẹ̀ oṣù mẹ́fà máa wà lọ́rùn àgbẹ̀. Ó jọ àánú. Àgbẹ̀ á ráyè kórè kó tó san. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá ṣe ohun tí onílẹ̀ kò fẹ́, onílẹ̀ lè béèrè gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí kò bá sì rí i, ó lè lé òun, ìyàwó àtọmọ síta. Nítorí náà, ọkùnrin tó dúró níwájú akọ̀wé yẹn mọ̀ pé orúkọ tó bá tẹnu òun jáde lè di òrùlé tí òun máa pàdánù.

Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà, wọ́n fa àwọn olùdíje kalẹ̀ nílé ẹjọ́ Ennis. O'Gorman Mahon ló fa O'Connell kalẹ̀, Tom Steele sì kín in lẹ́yìn. Pùròtẹ́sítáǹtì ni Steele, òun náà sì jẹ́ onílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìjà ẹ̀sìn lásán ni. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi dìbò. Èrò kún ìlú bámúbámú. Àwọn fadá ló ṣáájú àwọn àgbẹ̀ wá láti àwọn abúlé, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mutí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jà, kí ìjọba má bàa rí ohun tí wọ́n máa fi fagi lé e. Fún ìdìbò Ireland ayé ìgbà náà, tí ọtí àti kùmọ̀ jẹ́ ara rẹ̀, ohun ìyanu ni. Sir Edward O'Brien ti Dromoland, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ tó tóbi jù níbẹ̀, ń wo àwọn àgbẹ̀ tirẹ̀ bí wọ́n ti ń kọjá lára òun lọ pe orúkọ O'Connell.

Nígbà tí wọ́n kà á tán lọ́jọ́ 5 oṣù Keje, O'Connell ní 2,057, FitzGerald ní 982.

Ẹ̀rù ba London. Wellington àti mínísítà rẹ̀ Peel, tí wọ́n ti ń tako ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, rí i pé bí Clare bá lè ṣe é, gbogbo ẹkùn ìdìbò tó jẹ́ pé Àgùdà ló pọ̀ níbẹ̀ lè ṣe é, ogun abẹ́lé sì lè bẹ́. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin 1829, òfin tó gba àwọn Àgùdà láyè láti jókòó ní pálámẹ́ǹtì di àmúṣẹ. Lọ́jọ́ kan náà gan-an, òfin kejì jáde pẹ̀lú rẹ̀: ní àwọn ẹkùn ìpínlẹ̀ Ireland, ṣílè 40 kò tó mọ́ láti fi dìbò, ó di pọ́n-ùn 10. Àwọn olùdìbò tó tó 216,000 já sí nǹkan bíi 37,000.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Àwọn àgbẹ̀ tó fi òrùlé orí wọn wewu láti gbé O'Connell wọlé, àwọn gan-an ni wọ́n gba ìbò lọ́wọ́ wọn. Lọ́yà, dókítà àti oníṣòwò tó jẹ́ Àgùdà rí ọ̀nà dé London. Àgbẹ̀ padà sínú oko rẹ̀ láìní ìbò, gbèsè oṣù mẹ́fà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. O'Connell sọ̀rọ̀ lòdì sí òfin kejì yẹn, ṣùgbọ́n kò dìde sí i bó ṣe dìde sí ti àkọ́kọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà púpọ̀, ẹ sì máa gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́, ṣùgbọ́n lórí èyí, mi ò lè gbè é. Ó jẹ wọ́n ní gbèsè tí kò san.

Nínú oṣù Karùn-ún 1829, ó lọ sí Westminster láti lọ jókòó. Wọ́n ní òfin tuntun kò kàn án, torí pé wọ́n ti yàn án kí òfin tó jáde. Wọ́n gbé ìbúra àtijọ́ fún un. Ó kà á, ó sì dáhùn pé òun rí ohun kan níbẹ̀ tí òun mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, òun tún rí òmíràn tí òun gbàgbọ́ pé kì í ṣe òótọ́, òun kò ní búra. Wọ́n dá a padà. Clare tún dìbò nínú oṣù Keje, ẹnikẹ́ni kò bá a du ipò náà mọ́. Lónìí, ère rẹ̀ wà lórí òpó gíga láàárín Ennis, níbi tí ilé ẹjọ́ àtijọ́ yẹn wà.

Ìdí tí mo fi bọ̀wọ̀ fún un nìyí. Nígbà tó jókòó tán, ó wà lára àwọn tó pariwo jù lòdì sí òwò àti oko ẹrú, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí pálámẹ́ǹtì fọwọ́ sí òfin 1833 tó fòpin sí oko ẹrú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ogun ti tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, wọ́n sì ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí Brazil àti Cuba. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ní ẹrú fẹ́ fi owó ran iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó kọ̀ ọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Lẹ́yìn O'Connell, mo máa rọra sáré díẹ̀. Ìbò gbangba ṣì ń bá a lọ, ó sì ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nínú oṣù Keje 1852, ní Sixmilebridge ní Clare kan náà, àwọn ṣọ́jà ń ṣọ́ àwọn àgbẹ̀ onílẹ̀ kan lọ síbi ìdìbò. Èrò dí wọn lọ́nà, òkúta fò, ìbọn dún, àwọn ará ìlú kú. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1872, ni òfin ìbò ìkọ̀kọ̀ tó dé: ìwé, pẹ́ńsùlù, àpótí, kò sí ẹni tó ń gbọ́. Nígbà míì tí mo bá rí i tí àwa èèyàn ń fi ìwé ìbò tí a ti sàmì sí hàn lórí fóònù, àgbẹ̀ yẹn níwájú akọ̀wé ló máa ń wá sọ́kàn mi.

Ennis náà ni Charles Stewart Parnell dúró sí nínú oṣù Kẹsàn-án 1880, tó sọ fún èrò pé bí ẹnì kan bá gba oko tí wọ́n lé ẹlòmíràn kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n má pa á, kí wọ́n má nà án. Kí wọ́n ya á sọ́tọ̀ ni: lójú ọ̀nà, ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí Captain Boycott ní Mayo, orúkọ rẹ̀ sì di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò títí dòní.

Ní 1885 wọ́n pín Clare sí méjì, Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn. Willie Redmond ló di aṣojú Ìlà Oòrùn ní 1892, àbúrò John Redmond tó wá di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń wá ìjọba abẹ́lé fún Ireland. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́, Willie gbé aṣọ ṣọ́jà wọ̀ nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó kú ní Messines, ní Belgium, lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹfà 1917. Àga ṣófo.

Ẹni tó wá gba àga náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé ni. Éamon de Valera, olùkọ́ ìṣirò tí wọ́n bí ní New York, ti wà lára àwọn ọ̀gágun ọ̀tẹ̀ ọjọ́ Àjíǹde 1916 ní Dublin. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un, wọ́n wá yí i sí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n tú u sílẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, ó sì wọ Clare pẹ̀lú aṣọ ológun àwọn Volunteer, ẹgbẹ́ ológun tó jà ní 1916, lọ́rùn. Patrick Lynch, lọ́yà tí gbogbo Clare mọ̀, ló bá a du ipò fún ẹgbẹ́ Redmond. Lọ́jọ́ 10 oṣù Keje, de Valera ní 5,010, Lynch ní 2,035. Ẹni tó kú nínú aṣọ ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wá arọ́pò fún, ẹni tó bá Gẹ̀ẹ́sì jagun ni wọ́n yàn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú ìdìbò gbogbogbòò, Sinn Féin, ẹgbẹ́ de Valera nígbà náà, gba àga 73 nínú 105 tó jẹ́ ti Ireland. Ẹgbẹ́ Redmond bọ́ sí 6.

De Valera kò fi Clare sílẹ̀ fún ọdún 42, títí tó fi di Ààrẹ ní 1959. Ṣùgbọ́n ìdìbò 1923 ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí pé inú rẹ̀ la ti máa rí bí ìbò orílẹ̀-èdè yìí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ogun abẹ́lé tí àwọn ará Ireland bá ara wọn jà lórí àdéhùn tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. De Valera wà ní ẹ̀gbẹ́ tó fìdí rẹmi, ìjọba ń wá a. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ, ó yọ sí èrò lórí pèpéle ní Ennis. Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí àwọn ṣọ́jà fi dé, tí ìbọn ń dún, tí wọ́n sì mú un lọ. Ọjọ́ 12 lẹ́yìn náà, Clare dìbò. Ẹkùn náà ti padà di ọ̀kan, ó sì ní àga márùn-ún. De Valera, nínú àtìmọ́lé, ní 17,762. Eoin MacNeill, mínísítà ìjọba tó tẹ̀ lé e, ní 8,196.

Iye tó yẹ kí ẹnì kan ní kó lè wọlé kò ju díẹ̀ lé ní 6,500 lọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Olùdìbò máa ń kọ 1, 2, 3 síwájú orúkọ àwọn olùdíje, bó ṣe fẹ́ràn wọn tẹ̀ léra. Ẹ kó gbogbo ìbò tó pé jọ, ẹ pín in sí iye àga àti ẹyọ kan lé e. Tí àga bá jẹ́ márùn-ún, ẹ pín in sí mẹ́fà. Ẹ fi ìbò kan kún ohun tó bá jáde. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti wọlé. Tí ìbò rẹ̀ bá wá ju ìyẹn lọ, bíi ti de Valera tó fi ohun tó lé ní 11,000 kọjá, àṣẹ́kù náà kò ní ṣòfò. Wọ́n á wo ẹni tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kọ 2 sí, wọ́n á pín in fún un. Bẹ́ẹ̀ ni Brian O'Higgins, tí ìbò àkọ́kọ́ rẹ̀ kéré gan-an, fi bá ọ̀gá rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á gbé ìwé rẹ̀ fún àwọn tí àwọn olùdìbò rẹ̀ kọ tẹ̀ lé e. Wọ́n á máa kà á lọ ní ìpele ìpele títí àga á fi kún.

Ẹgbẹ́ de Valera fúnra rẹ̀, Fianna Fáil, tí ó dá sílẹ̀ ní 1926, gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì láti fagi lé ètò yìí. Wọ́n bi gbogbo ìlú léèrè ní 1959, ọjọ́ kan náà tí wọ́n yan de Valera ní Ààrẹ. Àwọn èèyàn yàn án, wọ́n sì kọ ohun tó ń béèrè. Wọ́n tún bi wọ́n ní 1968. Wọ́n tún kọ̀. Inú mi dùn pé wọ́n kọ̀ ọ́, torí pé láìsí ètò yìí, mi ò rí bí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Clare ní 1992 ì bá ṣe ṣẹlẹ̀.

Moosajee Bhamjee ni mò ń sọ. Wọ́n bí i ní South Africa sínú ìdílé tó ṣẹ̀ wá láti India. Dókítà àwọn aláìsàn ọpọlọ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní Clare. Ẹgbẹ́ Labour fà á kalẹ̀ lọ́dún tí ẹgbẹ́ náà gba àga 33. Àga mẹ́rin ló wà ní Clare, ó gba ọ̀kan. Òun ni Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó jókòó nínú Dáil, ilé aṣòfin Ireland. Ẹ wo àwọn tó bá a wọlé: Síle de Valera, ọmọ-ọmọ de Valera yẹn gan-an, wà lára wọn. Ní ẹkùn tó gbé de Valera wọlé, tó tún bí Patrick Hillery, dókítà ará Miltown Malbay tó di Ààrẹ ní 1976, àwọn àgbẹ̀ Clare mú pẹ́ńsùlù, wọ́n sì kọ nọ́ńbà síwájú orúkọ Bhamjee.

Ní ìdìbò oṣù Kọkànlá 2024, àwọn mẹ́rin mìíràn ló wọlé, méjì láti Fianna Fáil, ẹnì kan láti Fine Gael, ẹnì kan láti Sinn Féin. Ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń kà á. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìdìbò nígbà kan, owó tó lé ní 50 mílíọ̀nù Yúrò, wọ́n dán an wò ní ẹkùn mẹ́ta ní 2002, kò tẹ́ àwọn èèyàn lọ́rùn, wọ́n pa á tì. Tí ẹ bá dé ibi ìkàbò, ẹ máa rí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ tí wọ́n rọ̀ mọ́ ìdènà irin, ìwé lọ́wọ́, bí òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣí ìwé ìbò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ni wọ́n ń fi bírò fa ìlà. Àwọn tó wà ní ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á kó iye wọn pa pọ̀, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti mọ ẹni tó máa wọlé. Ọ̀tá ara wọn ni wọ́n lánàá, lónìí wọ́n jọ ń ṣírò.

Àwa ńkọ́? Ìdìbò Dáil jẹ́ ti ọmọ orílẹ̀-èdè Ireland àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé níbí. Ṣùgbọ́n ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé níbí tó sì ti pé ọdún 18, tó forúkọ sílẹ̀, ló ni ín, ìwé ìrìnnà yòówù kó wà lápò rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí ni Rotimi Adebari fi díje ní Portlaoise ní 2004, tó fi di olórí ìlú náà ní 2007, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò bẹ́ẹ̀ ní Ireland. Yemi Adenuga náà wọ ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Meath ní 2019. Ọmọ wa làwọn méjèèjì, nọ́ńbà lórí ìwé ló sì gbé wọn débẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, màmá kan dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n ní: “Ọmọ mi, bí mo bá kọ 1 sí ti ọmọ wa, tí mo tún kọ 2 sí ti aládùúgbò mi, ṣé 2 yẹn kò ní pa ọmọ wa lára?” Mo ní rárá, mà. Wọn kò tilẹ̀ ní wo 2 yẹn níwọ̀n ìgbà tí ọmọ wa bá ṣì ń wá ìbò. Àfi tó bá ti wọlé tán tí tirẹ̀ sì ṣẹ́kù, tàbí tó bá ti kúrò nínú ìdíje, ni wọ́n á tó yí ojú sí 2. Màmá ní ó dáa, wọ́n ní kí n kọ ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ sórí ìwé fún àwọn, kí n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, torí pé àwọn kò mú gíláàsì wá.